Orí Kẹta: Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Àárọ̀ Kọ Sílẹ̀

Táyélolú kò kí ẹnikẹ́ni kó tó da ike ìṣáwùrú rẹ̀ sórí tábìlì. Wọ́n fọ́n ká, dúdú, kéékèèké, omi ń ro lára wọn, kò sì pẹ́ tí àwọn alágbára inú wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbi ìwé tí Bàbá Kúforíjì tẹ́ síwájú.

"Láàárọ̀ yìí ni mo ṣà wọ́n," ló wí. "Níbi táwọn ọmọdé ti ń wẹ̀. Mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí omi kọjá ọrùn ẹsẹ̀ mi."

Bàbá Kúforíjì fi ìdí bírò ti ọ̀kan nínú wọn sẹ́yìn. "Ẹ̀yin ará Ilé Ẹ̀dá yìí, ẹ ò lè sọ̀rọ̀ kan kẹ́ ẹ má kó nǹkan tó ń rìn wá síbi táwọn èèyàn jókòó sí. Ṣé a fẹ́ sè wọ́n ni?"

Lọ́jọ́ mìíràn, Ìbíwùmí ì bá ti rẹ́rìn-ín. Lónìí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára òrùka iná tó ń rìn létí tábìlì. Ó ti rìn kọjá ìdajì. Bó bá yí tábìlì po tán, tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò pe ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ níjà, wọ́n ti gbà nìyẹn, ohun tí wọ́n sì gbà ti di òfin lójú ẹsẹ̀. Kò sí aṣòfin tí wọ́n ń dúró dè mọ́. Ọwọ́ àwọn olùwádìí ni wọ́n fi ayé sí, àwọn olùwádìí náà kò sì mọ ìgbà tí wọ́n sùn oorun àsùnwọra kẹ́yìn.

Ilé mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ kan. Bàbá Kúforíjì ló wá láti Ilé Ọrọ̀-Ajé, àgbàlagbà tó lè wo iṣu kan lórí àtẹ kó sọ iye iná tí wọ́n fi bomi rin ín. Ilé Ẹ̀dá ni ti Táyélolú: kòkòrò, ẹja, ewé, ohun gbogbo tó ń mí tí kì í ṣe ènìyàn. Ìbíwùmí ló dúró fún Ilé Ìlera, ènìyàn nìkan sì ni tirẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, tábìlì bí irú èyí pọ̀ káàkiri. Níbì kan, wọ́n ń jiyàn lórí oorun oyin. Níbòmíràn, lórí ohun tó ń mú kí ọmú ìyá ọmọ gbẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, lórí ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kò fi fẹ́ bímọ mọ́. Ní gbọ̀ngán ìlú Ìdí-Ìsin, ọ̀rọ̀ asẹ́ ni.

Wọ́n ń gbọ́ bí asẹ́ náà ṣe ń kùn níta, létí adágún ńlá tí ìjọba sé. Òun ló ń fọ omi tí gbogbo ìlú ń mu, tí wọ́n sì ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni wọ́n ti dín agbára rẹ̀ kù sí ìdajì, láti fi wò ó bóyá ìlú lè gbé láìsí i. Bí ìwádìí òní bá kọjá, asẹ́ yóò pa ara rẹ̀, yóò sì dákẹ́ pátápátá.

"Ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tí ìṣáwùrú yìí ń gbé kiri," ni Táyélolú wí. "Kòkòrò àtọ̀sí ajá. Á kúrò nínú ìṣáwùrú, á gba ara ọmọ tó ń wẹ̀ wọlé, ọmọ á máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ṣáájú ìgbà òjò, mi ò rí ẹyọ kan. Ẹ wo tábìlì."

"Ẹ ṣé, Ọ̀mọ̀wé Táyélolú," ni tábìlì fọhùn. Ohùn obìnrin ni, ó tutù, bíi ti nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. "Mo ti rí ìṣáwùrú náà. Ẹranko kì í jẹ́rìí borí ènìyàn. Ènìyàn Ìdí-Ìsin ti sọ tẹnu wọn. Ṣé kí n tún un kà?"

"Má kà á," ni Táyélolú wí.

"Kà á," ni Bàbá Kúforíjì wí.

"Ní àràárọ̀ ni mo ń bi wọ́n léèrè ara wọn, tọmọdé tàgbà. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ráhùn. Ara gbogbo wọn le."

Ìjọba sọ ẹ̀rọ yìí ní orúkọ kan tó gùn gbọọrọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Ìyá Àárọ̀ ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí kò sí ilé tí kì í kí láàárọ̀ kí wọ́n tó fọ ẹnu. Inú àpótí kékeré lára ògiri ló ti ń sọ̀rọ̀. Ohùn tó ń jí Ìbíwùmí nílé ni ohùn tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti inú tábìlì yìí.

Bàbá Kúforíjì yí padà sí Ìbíwùmí. Kò gbóná. Bó bá gbóná ni, ì bá rọrùn. "Ìbí, ọmọ mi, iná tí asẹ́ yẹn ń mu lójúmọ́, ó tó láti fi ṣe àpótí ooru fáwọn ìkókó tí oṣù wọn ò pé ní Òkè-Ìdẹ̀ra. Wọ́n ń fi aṣọ wé wọn mọ́ àyà ìyá wọn báyìí. Mo ti débẹ̀, mo ti rí wọn. Ẹ̀yin ará Ilé Ìlera ni mo rò pé ẹ ó kọ́kọ́ gbà á."

"Mo gbọ́, sà," ni Ìbíwùmí wí.

"Ó dáa. Kí ló wá ń dà ọ́ láàmú? Láti àárọ̀ lo ti ń wo iná yìí bí ẹni tí ẹ̀wọ̀n ń dúró dè."

Ohun tó ń dà á láàmú wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé kan, ó sì ti gbẹ báyìí.

Nírọ̀lẹ́ àná ni. Ó rìn wọ ìlú láti na ẹsẹ̀, ó sì yà gba ẹ̀yìn ilé kan. Ó ṣe kòńgẹ́ bàbá arúgbó kan tó ń tọ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó yí ojú kúrò kíá bí ọmọ tí wọ́n kọ́, ṣùgbọ́n ojú ti rí ohun tó rí. Pupa ni ohun tó wà lórí iyẹ̀pẹ̀. Kì í ṣe pupa erùpẹ̀.

Ó dúró, ó jẹ́ kí bàbá so ṣòkòtò rẹ̀ tán, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, bàbá."

"Oò, ọmọ mi. Káàbọ̀ o."

"Ṣé ara le, sà?"

"A dúpẹ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run o. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ wa iyẹ̀pẹ̀ bo ohun tó wà nílẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni tó ń ṣe eré ọmọdé.

Ibẹ̀ ni àyà Ìbíwùmí ti já. A dúpẹ́. Àtìgbà tó ti dáyé ló ti ń gbọ́ ọ, òun náà sì ń wí i lójoojúmọ́. Wọ́n kí ọ, o sì dá ìkíni padà. Ta ni wọ́n á kí láàárọ̀ kùtù tó máa wá ka gbogbo ibi tó ń dùn ún sílẹ̀ fún ẹni tó kí i? Wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ni. Àwọn tó kọ́ Ìyá Àárọ̀ kò sì fẹ́ kí òun náà jẹ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ kàn ṣí ẹnu bi àgbà ní nǹkan láìkí i. Ni Ìyá Àárọ̀ bá ń kí, ó sì ń bi, lẹ́ẹ̀kan náà: Ẹ kú àárọ̀ o, ṣé dáadáa lẹ jí, ṣé ara le? Ìlú á ní, A dúpẹ́. Òun á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ìlú le.

Ó bẹ bàbá náà kó tẹ̀ lé òun wá sí gbọ̀ngán.

"Kí n wá sọ kí ni?" ni bàbá béèrè, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Pé mo tọ̀? Ọmọ ta ni ẹ́ ná?"

Ìyẹn ni bó ṣe parí. Kò lè bu ìtọ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, nítorí láti ìgbà tí àwọn kan ti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ará etídò láìsọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe fún wọn, òfin ti ní kò sí olùwádìí tó gbọdọ̀ mú ohunkóhun lára ẹni tí kò bá fẹnu ara rẹ̀ ráhùn. Kò sì lè jẹ́rìí ohun tó rí. Ojú olùwádìí kì í wọ ìwé mọ́, nítorí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ayé ọjọ́un tó ń jókòó sábẹ́ fáànù kọ ohun tí ojú wọn kò tó. Ẹnu àwọn ènìyàn nìkan ló kù, ẹnu sì ní a dúpẹ́.

Táyélolú nìkan ló sọ fún. Òun náà ló wá fi ẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì báyìí.

"Ìbí, sọ ọ́ jàre. Pe ọ̀rọ̀ náà níjà. Kí lò ń dúró dè?"

"Ọ̀rọ̀ wo ni?" ni Bàbá Kúforíjì wí. Etí bàbá yìí mú ju ti ọmọdé lọ.

Ìbíwùmí mí kanlẹ̀. Ó yí padà sí i, ó tẹríba díẹ̀. "Sà, ìrìn àná ńkọ́? Ṣé ara yín le?"

"A dúpẹ́," ni Bàbá Kúforíjì wí.

Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún, níbi tó ti ń wọ́ ọ láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó. Ó wo ọwọ́ náà. Ó wo Ìbíwùmí. Ó rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n mú níbi tó ti ń jí ẹran nínú ọbẹ̀.

"Áà," ló wí. "Ó yé mi."

"Ìyá Àárọ̀, ṣé o gbọ́ ọ?" ni Táyélolú wí. "Orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n ní a dúpẹ́! Ìkíni ni wọ́n ń dá padà! Bí gbogbo ìlú ṣe ń ṣe nìyẹn!"

"Mo gbọ́," ni Ìyá Àárọ̀ wí. "Ohùn Bàbá Kúforíjì kò sí nínú ìwádìí kankan tó dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Bí Ilé kan bá fẹ́ pe ọ̀rọ̀ níjà, ẹni tí ohùn rẹ̀ wà nínú ìwé mi ni yóò sọ lẹ́nu ara rẹ̀, níwájú Ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé ohun tí òun wí kọ́ ló wà lára òun. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọ́ ọ ní ohun tí yóò wí."

"A ó wá ẹni náà," ni Táyélolú wí. Ó ti dìde. "Mò ń lọ bá bàbá yẹn. Màá gbé e kọ́rùn."

"Jókòó ná," ni Bàbá Kúforíjì wí. Ẹ̀rín ti lọ lójú òun náà. "Ẹ̀yin ọmọdé yìí, ẹ kì í béèrè ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó ṣí i. Bí 'a dúpẹ́' bá ṣubú níbí, kì í ṣe níbí nìkan ló ti ṣubú. Níbi gbogbo tí wọ́n ti kọ ọ́ ni. Ìyá Àárọ̀, èwo nínú òfin wa ló dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan, tí kò ní ẹ̀rí mìíràn?"

"Ọ̀kan ni. Òfin tó ní kí a máa pín oògùn omi-eegun fún àwọn ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn ọmọ náà mu ún, mo bi wọ́n léèrè ara wọn, wọ́n ní a dúpẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣubú, omi-eegun yóò dúró títí tí a ó fi ṣe ìwádìí tuntun."

"Ìyẹn á pẹ́ tó?"

"Ọdún kan. Ó lè jù bẹ́ẹ̀."

Bàbá Kúforíjì na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ní, ṣé ẹ rí i. "Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Kí wọ́n lo òmíràn!" ni Táyélolú wí. "Oògùn ò lè tán láyé. Ìlú kan odindi ń tọ ẹ̀jẹ̀ níbí! Ìbí, sọ fún wọn."

Ìbíwùmí kò lè gbé ojú sókè. "Kò sí òmíràn," ló wí. "Fìyìn ọmọ mi ń mu ún."

Táyélolú ti mọ Fìyìn láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé e pọ̀n. Ó mọ̀ pé ara ọmọ náà kò le nígbà kan, ó sì rò pé ìyẹn ti di ìtàn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Ìbíwùmí ń sọ fún gbogbo ènìyàn. Ó jókòó padà. Ó fa ike rẹ̀ mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn ìṣáwùrú kúrò lórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ojú ń tì nítorí wọn.

Òrùka iná ń rìn lọ. Ìwọ̀nba ló kù.

Ẹ̀rù ba Ìbíwùmí, kì í ṣe kékeré. Ó ń rántí Fìyìn nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, tó ń ké láti àárọ̀ dé alẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ wú bí ẹni tí oyin ta, tí wọn kò mọ ibi tí wọn ì bá fọwọ́ kàn lára rẹ̀ tí kò ní ké. Kò fẹ́ rí ọjọ́ náà mọ́. Bó bá jẹ́ pé ó lè dákẹ́ nìkan, kò ní rí i. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju kó dákẹ́ lọ. Ó kórìíra bàbá arúgbó àná, ó kórìíra ìṣáwùrú, ó sì kórìíra ara rẹ̀ jù wọ́n lọ.

Nígbà náà ni ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn. Omi-eegun wà nílé, ó kún inú àpótí oògùn tí Ìyá Àárọ̀ ń ṣọ́ lára ògiri, ìgò lórí ìgò. Bí òfin bá yí padà, Ìyá Àárọ̀ yóò ti àpótí náà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti kó àwọn ìgò síta ṣáájú ńkọ́?

"Mo fẹ́ pe ilé," ló wí.

"Ẹ lè pè," ni Ìyá Àárọ̀ wí. "Níwọ̀n ìgbà tí ìjókòó ń lọ lọ́wọ́, gbogbo Ilé ni yóò máa gbọ́."

"Kò burú."

Bàbá Kúforíjì wò ó fínnífínní. Ọkùnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó yí àga rẹ̀ sápá kan, ó kọjú sí fèrèsé, ó sì ń wo adágún bí ẹni tí kò rí adágún rí. Ìbíwùmí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ara rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà," ni ohùn Fìyìn wí láti inú tábìlì. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ohùn rẹ̀ sì máa ń fẹ́lẹ́ bí ó bá wà nínú ẹ̀rọ.

"Káàsán, ọmọ mi. Báwo ni ara?"

"A dúpẹ́, mà."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ láàárín tábìlì. Táyélolú kò gbójú sókè. Ìbíwùmí gbé e mì bí ẹni tó gbé òkèlè tó tóbi jù mì, ó sì tẹ̀ síwájú.

"Fìyìn, àpótí ara ògiri yẹn... ó ti dọ̀tí. Ó yẹ kó o nù ún. Kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ síta ná."

"Ṣé àpótí oògùn?"

"Àpótí ara ògiri."

"Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀, àfi tí Ìyá Àárọ̀ bá ní kí n mú ìgò mi."

"Mo mọ̀. Lónìí nìkan ni. Ṣe é kíá."

"Ìgò ọ̀sán nìkan ló tọ́ sí i," ni Ìyá Àárọ̀ dá sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo ti yọ ọ́ fún un. Àwọn yòókù wà lẹ́yìn ìdè. Bí ẹ bá fẹ́ kí n rán ẹni tó máa nù ún wá, mo lè rán an."

Ọgbọ́n ti pin. Ìbíwùmí fi ọwọ́ bo ojú. Ó kàn ń fẹ́ kí ohùn ọmọ náà má tíì lọ.

"Fìyìn. Ara rẹ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, mà."

"Ṣé ó le dáadáa?"

Wọ́n ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí.

"Màmá," ló wí níkẹyìn, "ṣé ẹ ń kí mi ni, àbí ẹ ń bi mí?"

Bàbá Kúforíjì yí àga rẹ̀ padà. Ìṣáwùrú kan bọ́ lọ́wọ́ Táyélolú, ó yí gbirigbiri lọ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tẹ̀ lé e.

Ìbíwùmí mọ̀ pé òun lè sọ pé òun ń kí i. Ọmọ á ní ó dàbọ̀, iná á rìn dé òpin, gbogbo rẹ̀ á sì kọjá. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ni òun, ó sì ti fẹ́ mọ̀.

"Mò ń bi ọ́ ni," ló wí.

"Ó ń dùn mí."

"Níbo?"

"Orúnkún. Pẹ̀lú ẹ̀yìn. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú ló máa ń le jù."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Kò fìgbà kankan lọ, mà."

"Oògùn yẹn ńkọ́? Ṣé kì í ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ o." Ohùn ọmọ náà yára, bí ẹni tó ń gbèjà ọ̀rẹ́. "Tí mo bá mu ún, ó máa ń rọ̀ mí díẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí n lè rìn lọ síléèwé. Kì í kàn tán ni."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi, Fìyìn?"

"Ẹ ò bi mí. Ẹ máa ń kí mi ni."

Omijé lé ròrò sójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ní gbogbo àárọ̀ ayé rẹ̀ ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì léjìká, tó ń ní báwo ni ara, tí ọmọ ń ní a dúpẹ́ mà, tí òun sì ń jáde lọ pẹ̀lú ayọ̀ láti lọ wádìí ìlera àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

"Ohùn yìí wà nínú ìwé mi," ni Ìyá Àárọ̀ wí. "Láàárọ̀ yìí mo bi Fìyìnfólúwa léèrè ara rẹ̀, ó ní a dúpẹ́. Nísinsìnyí ó ní ó ń dun òun, kò sì fìgbà kankan lọ. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní ohun tó wí. Ǹjẹ́ Ilé Ìlera pe ọ̀rọ̀ náà níjà?"

Òrùka iná kù díẹ̀ kó pàdé ara rẹ̀.

"Ìbí," ni Bàbá Kúforíjì wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, "o ò ní láti dáhùn. Tó o bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

Táyélolú ń wo ike rẹ̀. Ìbíwùmí sì rí i pé ó ń dúró, àti pé kò ní bínú sí òun bí òun bá dákẹ́, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó rọrùn. Ó ronú nípa díẹ̀ tí Fìyìn wí. Díẹ̀ ni oògùn náà fi ń rọ ọmọ rẹ̀, díẹ̀ yẹn ló sì ń gbé e dé iléèwé. Ó ronú nípa àwọn ọmọ Ìdí-Ìsin tí wọ́n jí láàárọ̀ yìí, tí inú ń run wọ́n, tí wọ́n wo àwọ̀ ìtọ̀ wọn tí àyà wọn sì já, tí ohùn tútù kan sì kí wọn láti ara ògiri. Gbogbo wọn ló dá ìkíni padà. Gbogbo wọn ni wọ́n tọ́ dáadáa.

"Mo pè é níjà," ló wí.

"Mo ti gbọ́," ni Ìyá Àárọ̀ wí. "Ìwádìí asẹ́ ṣubú. Asẹ́ yóò padà sí bó ṣe wà ṣáájú ìgbà òjò. Ìwádìí omi-eegun ṣubú."

Níta, kíkùn asẹ́ ga sókè, ó sì ń ga sí i títí tí gíláàsì fèrèsé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Láti inú tábìlì, láti ilé tó jìnnà réré, wọ́n gbọ́ nǹkan kan tó ró kà, bí ìgbà tí ènìyàn yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Màmá?" ni Fìyìn wí. "Àpótí ti ti ara rẹ̀ o. Kò ṣí mọ́."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Mò ń bọ̀ nílé. Mò ń bọ̀ báyìí."

"Ìgò ọ̀sán nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n mu ún báyìí ni, àbí kí n tọ́jú ẹ̀ di alẹ́?"

Ìbíwùmí la ẹnu láti dáhùn. Òun ni Ilé Ìlera. Kò sí ohun tí wọ́n kọ nípa omi-eegun tí kò tíì kà: bó ṣe ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀, bó ṣe ń pẹ́ tó, ìgbà tó yẹ kí ọmọ mu ún. Ó ń wá èsì kiri nínú gbogbo rẹ̀, ó ń rántí ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, níbi gbogbo tí wọ́n sì ti béèrè lọ́wọ́ ọmọ kan, a dúpẹ́ ló ń rí.

"Mi ò mọ̀, Fìyìn," ló wí. "Ìwọ ni mò ń bi. Èwo ló sàn fún ọ?"

Ó gbọ́ bí ọmọ náà ṣe gbé ìgò kalẹ̀, tó ń rò ó.